Afẹ́fẹ́ àti Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré: Ẹ̀kọ́ Kan láti Etí Ọ̀sà Ejìnrìn

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lọ sí etí ọ̀sà ní Ejìnrìn lè rí ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyèsí. Àgbà awakọ̀ kan yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀ ní èjìká, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ojú ọ̀run ni yóò kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà yóò wo imọ̀ ọ̀pẹ bí ó ti ń mì. Yóò wo ojú omi, bóyá ó ń ru tàbí ó tẹ́ bí ẹní. Yóò sì kọjú sí ìlà oòrùn bí ẹni tí ń retí àlejò tí kò fẹ́ràn. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn gbogbo èyí, yóò fi àjẹ̀ ti ara ògiri, yóò sì jókòó. Bí àwọn èrò bá ń kùn pé ọjà ń kọjá lọ, èsì rẹ̀ kò gùn: "Ọ̀sà kò gbà."

Àwa tí a ń ka ìwé lè rẹ́rìn-ín sí irú àgbà bẹ́ẹ̀, kí a sì pe ìdúró rẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí ìbẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ọgbọ́n kan náà ni ó ń pa ẹ̀mí mọ́ fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfurufú tí ó fúyẹ́ jù lọ ṣeré ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gidigidi; àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí àgbà náà fi jókòó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kúrò lórí ilẹ̀ rí.

Kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú ńlá tí ń balẹ̀ sí Ìkẹjà, tí ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ni mo ń sọ. Èyí tí mo ń wí kì í gbé ju ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ. Ọ̀pá irin fífúyẹ́ ni a fi ṣe egungun rẹ̀; aṣọ líle ni a sì fà bo apá rẹ̀, bí a ti ń fa awọ bo ojú ìlù. Nígbà mìíràn gbangba ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí, tí afẹ́fẹ́ ń lu àyà rẹ̀, tí ó sì ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ìjọba ṣe ní 1982 sọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí. Kò gbọdọ̀ gbé ju ẹnì kan lọ. Bí ó bá ní ẹ́ńjìnnì, ìwúwo rẹ̀ láìsí epo kò gbọdọ̀ tó pọ́n-ùn 254, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 115. Àpò sìmẹ́ńtì méjì àti ààbọ̀ wúwo jù ú lọ. Epo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gálọ̀nù 5 ti Amẹ́ríkà lọ, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí máìlì 63 lọ ní wákàtí kan. Òfin náà fi kún un pé fún eré ìdárayá nìkan ni, kì í ṣe fún òwò, àti pé a kò gbọdọ̀ fò ó ní òru.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èrè wo ni ó wà nínú kí ènìyàn fò lọ sókè láìní ibi tí ó ń lọ, kí ó sì tún padà sí ibi tí ó ti gbéra? Ọmọ etí ọ̀sà kò yẹ kí ó béèrè bẹ́ẹ̀. A ti rí i bí ìlú ti ń tú jáde lọ wo eré ọkọ̀ lójú omi, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi gbogbo agbára wa ọkọ̀ tí kò gbé ẹja, tí kò sì gbé ẹrù. Ayọ̀ ni èrè wọn, àti òye ọwọ́ tí eré náà ń kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí ń fò. Wọ́n ń rí odò bí okùn tí a tú sílẹ̀, wọ́n ń rí oko bí aṣọ alábùlẹ̀, wọ́n sì ń rí òjìji ara wọn tí ń sáré lórí koríko nísàlẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ohun tí ó jìnnà sí ilẹ̀ wa ni eléyìí. Ní 1925 ni ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fò láti Cairo ní Íjíbítì wá sí Kánò. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn ẹni tí ń fi ọkọ̀ kékeré fò nítorí ìfẹ́ ọkàn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí dé. Olókìkí kan nínú wọn ni R. S. Rattray, ẹni tí ó kọ ìwé púpọ̀ lórí àṣà àti òwe àwọn ará Aṣántì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ọmọ ogun òfurufú; síbẹ̀, ní 1929, òun nìkan ṣoṣo wa ọkọ̀ òfurufú kékeré láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Àkrà. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carpenter a máa fi ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ fò láàárín Kánò àti Èkó, ojú irin rélùwéè ni ó sì ń tẹ̀lé kí ó má bàa ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò ti ń tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ nínú igbó.

Ní àkókò tiwa yìí, Gáńà ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Ní Kpong, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó tẹ́ láàárín Àkrà àti odò Volta, a dá pápá kan sílẹ̀ níbi tí a ti ń to irú ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀, tí a sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti wà wọ́n. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Patricia Mawuli, lọ wá iṣẹ́ sí ibẹ̀, igbó ṣíṣán ni a sì kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 2011, obìnrin kan náà ti ń to ọkọ̀ òfurufú, ó ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó ń wà á, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá rí ọmọ tí ń gbá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín.

Kí ni ìdí tí a fi yan ilẹ̀ ọ̀dàn fún irú eré yìí? Nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, awakọ̀ yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ rọra yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ sórí koríko. Ṣùgbọ́n bí igbó dúdú ni ó wà nísàlẹ̀, kò sí ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní Kansas, ní Nebraska àti ní Dakota, títí dé apá kan ilẹ̀ Kánádà, ọ̀dàn wà tí ó lọ salalu bí òkun, tí ènìyàn lè fi ọjọ́ púpọ̀ rìn láìrí òkè. Ìbùkún ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní igi tí yóò dá ọkọ̀ dúró, kò ní igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú omi tí a mọ̀. Wo ojú oró tí ń léfòó lórí ọ̀sà. Nígbà tí omi bá ń ṣàn, ojú oró ń bá a lọ. Ewé rẹ̀ kò sì mì, nítorí pé òun àti omi jọ ń lọ ni. Ẹni tí ó dúró ní bèbè ni ó mọ̀ pé ó ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú rí nígbà tí ó bá ti kúrò nílẹ̀. Kò sí ohun tí ó so ó mọ́ ilẹ̀ mọ́. Inú afẹ́fẹ́ ni ó wà, ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ni ó ń gbé e lọ. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ń fẹ́ déédéé, awakọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Afẹ́fẹ́ tí ó ń lù ú ní ojú jẹ́ ti eré ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bákan náà ni yóò sì rí bí ó bá kọjú sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ilẹ̀ nìkan ni ó lè sọ fún un pé a ń gbé e lọ.

Ohun kejì tí a ní láti mọ̀ ni ohun tí ó gbé ọkọ̀ náà dúró lókè. Bí ìwọ bá na ọwọ́ rẹ jáde láti inú mọ́tò tí ń sáré, tí o sì gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ rẹ sókè díẹ̀, ìwọ yóò rí i pé afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ náà sókè. Apá ọkọ̀ òfurufú ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ó ti ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ó ń darí afẹ́fẹ́ náà sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti apá sókè. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò náà bá rọra ń lọ, ọwọ́ rẹ yóò wálẹ̀. Nítorí náà olúkúlùkù ọkọ̀ òfurufú ní eré kan tí kò gbọdọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rẹ̀ sílẹ̀, apá rẹ̀ kò ní lè gbé e mọ́, yóò sì já bọ́. Ẹ kíyèsí i dáadáa: eré tí mo ń wí kì í ṣe eré rẹ̀ lórí ilẹ̀, bí kò ṣe eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Lórí ìyàtọ̀ méjì yìí ni ìyè àti ikú awakọ̀ dúró sí.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì fò mọ ìyàtọ̀ náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, Wilbur Wright àti Orville Wright, àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ púpọ̀, wọ́n sì yan etí òkun oníyanrìn kan ní Kitty Hawk. Ní December 17, 1903, wọ́n kọjú ọkọ̀ wọn sí afẹ́fẹ́ tí eré rẹ̀ ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ bàtà 120 ni ọkọ̀ náà fò ní ìgbà àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé kò tó máìlì 7 ní wákàtí kan. Ọmọdé tí ń sáré lè bá a lọ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́, eré rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 30, èyí ni ó sì gbé e sókè. Afẹ́fẹ́ ti bá wọn ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan náà wọ́n fò lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ bàtà 852 ní ìṣẹ́jú àáyá 59. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń wà á, afẹ́fẹ́ kan náà gbé e, ó yí i po, ó sì fọ́ ọ túútúú. Ohun tí ó gbé e sókè ní òwúrọ̀ ni ó pa á kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan tí ẹ lè fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ká ní ọkọ̀ kékeré kan ń sá máìlì 50 ní wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́, ó sì fẹ́ lọ sí ibi tí ó jìnnà ní máìlì 30, kí ó sì padà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, ìṣẹ́jú 36 ni yóò fi lọ, ìṣẹ́jú 36 ni yóò fi bọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 72. Wàyí o, ká ní afẹ́fẹ́ máìlì 20 dojú kọ ọ́ ní àlọ. Máìlì 30 péré ni yóò máa sá lórí ilẹ̀, yóò sì lo odindi wákàtí kan. Ní àbọ̀, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò máa sá máìlì 70, kì yóò sì lò tó ìṣẹ́jú 26. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 86. Àwọn ọmọ yóò rò pé ohun tí afẹ́fẹ́ gbà ní àlọ ni yóò san padà ní àbọ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àkókò tí ó fi ń dí wa lọ́wọ́ gùn ju àkókò tí ó fi ń ràn wá lọ́wọ́. Ọkọ̀ ńlá tí ń sá máìlì 500 kò ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí epo rẹ̀ kò ju gálọ̀nù 5 lọ gbọ́dọ̀ kà á kí ó tó gbéra. Nítorí náà òfin àwọn ọlọ́gbọ́n ni pé kí a kọ́kọ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ ní àlọ, nígbà tí epo pọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè sin wá wálé. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sin òun jáde, tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ń yára, yóò mọ iye rẹ̀ nígbà tí ó bá yí padà.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tí ó léwu ju ìyẹn lọ. Awakọ̀ kan ń fò nísàlẹ̀ gan-an, ó sì yí padà tí afẹ́fẹ́ fi bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó sì rí i pé koríko ń sáré kọjá kíákíá. Ojú rẹ̀ wí fún un pé, "Eré rẹ ti pọ̀ jù," ó sì dín in kù. Ká ní eré tí ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ jù jẹ́ máìlì 30. Ó ń rí máìlì 45 lórí ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n 20 nínú rẹ̀ jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí ń gbé e lọ, kò sì ku ju 25 lọ fún apá ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò já bọ́ ní ibi tí ó sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní àyè láti tún un ṣe. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó pa á. Ojú ara rẹ̀ ni ó tàn án. Nítorí náà ni a fi ń kọ́ awakọ̀ láti máa wo aago kékeré tí ń wọn eré ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ń sáré lọ.

Ní báyìí a ti dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe ibi rẹ̀ jù lọ: ìtòsí ilẹ̀. Lókè, ó ń ṣàn bí odò ńlá. Nísàlẹ̀, ó ń kọlu igi, ilé àti òkìtì, ó sì ń yí bìrí lẹ́yìn wọn gẹ́gẹ́ bí omi ti ń yí lẹ́yìn òpó afárá. Awakọ̀ tí ń bọ̀ wá balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀wọ́ igi kan lè bá afẹ́fẹ́ pàdé ní iwájú rẹ̀, kí ó sì pàdánù rẹ̀ lójijì nígbà tí igi bá bo ó. Eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yóò sì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni a fi ń fi eré díẹ̀ kún un nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, tí ó ń le, tí ó sì ń dẹ̀. Nítorí èyí náà ni olúkúlùkù pápá fi ní àpò aṣọ gígùn kan tí a so mọ́ orí òpó, kí awakọ̀ lè rí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ó sì kọjú sí i láti gbéra àti láti balẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ti balẹ̀ tán, iṣẹ́ kò tíì parí. A ní láti fi okùn so apá rẹ̀ mọ́ èèkàn tí a gbá wọlẹ̀, bí apẹja ti ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté; ohun tí a ṣe láti fò kò mọ ìgbà tí olúwa rẹ̀ sọ pé ó tó.

Nígbà wo ni ó dára láti fò? Lórí ọ̀dàn Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fò a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè gbéra nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní òru, ilẹ̀ a máa tutù, afẹ́fẹ́ tí ó sún mọ́ ọn a sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí omi inú ìkòkò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tòkè ń sáré lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá gbóná, ilẹ̀ a mú afẹ́fẹ́ gbóná, èyí tí ó gbóná a gòkè, èyí tí ń sáré lókè a sì sọ̀kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Ìkòkò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí hó nìyẹn. Igún àti àwòdì mọ èyí kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n: ẹ ó rí wọn ní ọ̀sán gangan tí wọ́n ń yípo, tí wọ́n ń gòkè láìju apá, nítorí pé wọ́n gun afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gòkè. Ohun tí ó jẹ́ àtẹ̀gùn fún igún ni ó ń ju ọkọ̀ fífúyẹ́ sókè sódò. Bí oòrùn bá sì ń wọ̀, ìkòkò náà a tún rọlẹ̀, ìròlẹ́ a sì dára láti fò.

Ilẹ̀ tiwa ní ìlànà tirẹ̀. Láti nǹkan bí November tàbí December títí dé February, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa wá láti àríwá ìlà oòrùn, láti Sàhárà, ó gbẹ, ó sì kún fún eruku; kì í le púpọ̀ ní etí òkun wa, ṣùgbọ́n ó lè bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kì yóò fi mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí òfurufú sì bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀ oòrùn ń mú ọ̀rinrin òkun wọlé. Lójoojúmọ́ pẹ̀lú, bí ilẹ̀ bá ti gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òkun a fẹ́ wọlé ní ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí ọ̀sà fi sábà máa ń tẹ́ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń ru ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ìjì tí ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní March títí dé May, àti ní ìparí rẹ̀. Ìlà oòrùn ni ìjì yìí ti ń wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ń bá wọlé. Gbogbo nǹkan a dákẹ́, ooru a mú, ìkùukùu dúdú a dìde bí ògiri. Lójijì ni afẹ́fẹ́ yóò sì tú jáde, tí eré rẹ̀ lè ju máìlì 40 lọ ní wákàtí kan. Ẹ rántí ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ sá ju 63 lọ, kí ẹ sì wò ó bóyá ó lè bá irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ jà. Wàyí ni a mọ ohun tí àgbà Ejìnrìn ń wò nígbà tí ó kọjú sí ìlà oòrùn.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun eré lásán. Rattray, ẹni tí ó dá nìkan fò wá sí Àkrà láyọ̀, kú ní May 14, 1938, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì já pẹ̀lú rẹ̀. Ní etí ọ̀sà wa níhìn-ín pẹ̀lú, ilé mélòó ni ó wà tí omi kò tíì gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn? Kì í ṣe àìgboyà ni ó sábà máa ń pa àwọn tí ń bá afẹ́fẹ́ rìn, ìkánjú ni. Ọjà ń kọjá lọ, ọ̀rẹ́ ń dúró, ojú ń ti ènìyàn láti sọ pé òun kò lọ mọ́. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì a kà nípa Pọ́ọ̀lù, ẹni tí ó kìlọ̀ ní Kírétè pé ìrìn àjò náà yóò léwu. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ atukọ̀ gbọ́ jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ gúúsù sì fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wọn sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fọ́, ẹrù sì bá omi lọ. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ni ó tàn wọ́n jáde.

Ọjà Ejìnrìn tí ó lókìkí láyé àtijọ́, tí ọkọ̀ láti Èkó ń wọ́ wá sí, tí ẹrù ibẹ̀ sì ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí òkè, ti dínkù láti ìgbà tí mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ omi. Bí ọjà bá dínkù, kò yẹ kí ọgbọ́n tí ó dàgbà ní èbúté rẹ̀ bá a kú. Ní March 2017, ọmọ Nàìjíríà kan, Ademilola Odujinrin, parí ìrìn àjò yíká ayé, tí òun nìkan wà nínú ọkọ̀ òfurufú kékeré oní-ẹ́ńjìnnì kan. A kò lè sọ pé ọmọ tí yóò ṣe irú rẹ̀ kò sí lórí bẹ́ǹṣì níwájú wa nígbà tí a bá jáde lọ kọ́ni. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa afẹ́fẹ́, kò di dandan kí a ní ọkọ̀ òfurufú. Ẹ mú un lọ sí etí omi. Ẹ fi ojú oró hàn án, ẹ fi igún hàn án, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ìṣirò máìlì 30 ní àlọ àti ní àbọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó jókòó ti àgbà awakọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀sà kò gbà, kí ó sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, kí ni ẹ rí?"

Ẹni tí ó mọ ìgbà tí a ń gbéra ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí a ń jókòó ni ó ti kọ́ ọgbọ́n.